Gbólóhùn Kejìlá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó, níbi tí òjò wínníwínní ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé, tí kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá. Mo kí Màámi, mo kí orúnkún wọn pẹ̀lú. Ṣé oògùn tí mo fowó rẹ̀ ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́? Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, mo mọ ara mi, màá fi òtítọ́ ibẹ̀ pamọ́.

Ẹ ti bi mí rí pé kí gan-an ni mò ń kọ́ wọn níbí. Àròkọ ni, Bàbá, iṣẹ́ yín náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ti dé tí wọ́n ń pè ní AI. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ìbéèrè sí i, kí tíì rẹ̀ tó tutù, àròkọ ti jáde. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa ní kọ́lẹ́jì ní ká tún gbogbo ẹ̀kọ́ wa tò nítorí rẹ̀, ó sì ní kí èmi kọ àmì tí a ó fi máa dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀. Inú mi dùn bí inú òmùgọ̀. Èmi nìkan ni adúláwọ̀ láàárín wọn, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìwé iṣẹ́ mi dọ̀tun, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ̀wé. Mo kọ ọ́ pé àròkọ tó bá tò gbọnrangandan bí ebè, tí gbólóhùn rẹ̀ dàgbà ju ẹni tó kọ ọ́ lọ, tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní kókó mẹ́ta géérégé, kí a fura sí i.

Ẹni àkọ́kọ́ tí àmì mi mú, Dàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Igbára-Odò. Wọ́n mú un wá síwájú ìgbìmọ̀, èmi náà jókòó níbẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló kọ àròkọ náà, ó ní òun ni. Wọ́n ní níbo ló ti kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Ó ní tíṣà àwọn ní Igbára-Odò ló ní kí àwọn há ogún gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ sórí, pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, abẹ́ igi máńgòrò ni yóò kúnlẹ̀ sí títí àwọn tó kù yóò fi jẹun ọ̀sán tán. Ló bá dìde, ó káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹ ti máa ń ní ká ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkejìlá, ẹ̀rù bà á, ó gbàgbé.

Mo mọ ìkejìlá, Bàbá. Ó ti dé ẹnu mi. Orí tábìlì ìjẹun wa ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ ti kọ́ mi, pẹ̀lú pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí wọ́n tó gbé yín lọ ṣe tíṣà ní Igbára-Odò.

Mo gbé e mì. Mo ronú ìwé iṣẹ́ mi, mo ronú oògùn Màámi, mo bojú wo fèrèsé. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi dákẹ́. Wọ́n lé e, físà rẹ̀ sì bá a lọ.

Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò bínú rárá. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbí, kò mọ̀ pé ọmọ yín ni mí. Ó ní oko kòkó bàbá òun ni wọ́n tà kí òun tó rí owó wá, pé bí òun bá ti padà sí ulé, ọ̀dọ̀ tíṣà òun ni òun ó kọ́kọ́ lọ. Ulé, bí a ti ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí, mo ṣe bí ẹni tí wọ́n ń pè, mo yà kúrò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó korò jù. Ní sáà yìí, wọ́n tún yí ẹ̀kọ́ náà padà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dìde níwájú wa, yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kọ, a ó sì máa bi í léèrè. Èmi ni mo dá a lábàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ohun tuntun ni. Ohun tuntun! Ohun tí ẹ ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí n tó lè wọ bàtà fúnra mi! Dàpọ̀ ìbá yege níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ tí kò lọ́jọ́, tí wọn kò ní máa sọ dọ̀tun lọ́dọọdún mọ́.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ìgbìmọ̀ náà, pé Dàpọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àròkọ rẹ̀, ṣì wà lórí tábìlì mi, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Àwọn tó yẹ kó ka eléyìí kò gbọ́ Yorùbá, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi láyà láti kọ ọ́.

Mi ò mọ̀ bóyá Dàpọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá dé, ẹ fún un lómi. Ẹ má bi í pé kí ló dá a padà. Ẹ kàn bá a ka ìkejìlá, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún un ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn tíṣà tí ẹ jọ fẹ̀yìn tì. Kí Olúwa dá yín sí, kí ojú yín má ṣàì ríran ka ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irú èyí.

Èmi ni ọmọ yín tó mọ̀ ọ́n, tó dákẹ́,
Fúnmiláyọ̀