Báàjì Bàálù Tí Wọ́n Fi Táyà Sí

                                        Yàrá Kejì Lókè,
                                        Ilé Àwọn Oníbáàjì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúnkún tiyín náà o. Àlàáfíà làwa wà níbí, Bàbá sì ń kí yín. Ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an ló jẹ́ kí n mú kálàmù.

Ẹ rántí bàálù jẹ́ẹ̀tì àdánwò tí Bàbá ṣe mẹkáníìkì rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ ológun òfurufú, èyí tó ń sáré ju ìró lọ? Ó pé ogójì ọdún tó kọ́kọ́ fò, ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sì fẹ́ ṣe ìrántí ẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ni Bàbá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn funfun, tí wọ́n ń retí ìwé ìpè. Ìwé ò dé.

Ẹ wá wo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa: akọ̀wé ẹgbẹ́ náà! Ó fẹ́ ọgọ́ta báàjì tá a fi òwú ya bàálù ọ̀hún sí, káwọn tó bá wá lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní òun gan-an lòun wà á lọ́jọ́ tó yára ju ìró. Irọ́ gbuu! Sítọ́ọ̀ ni Bàbá ní ó ń ṣọ́, kò gun àkàbà bàálù náà rí láyé ẹ̀. Àwa ní ṣọ́ọ̀bù ti sọ ọ́ ní Ayára-ju-ìró, torí kò sí ohun tó yára lára ẹ̀ ju ẹnu lọ. Mo bi í bóyá àwọn mẹkáníìkì náà máa gba báàjì. Ó yínmú, ó ní, "Àwọn tó ń di nọ́ọ̀tì kì í ṣe ará òfurufú." Inú bí mi, àmọ́ mo gbé e mì, mo wá lọ rò ó fún Bàbá.

Àwòrán tó mú wá wá ńkọ́? Táyà mẹ́ta ló yà sábẹ́ bàálù, rogodo rogodo! Bàbá rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, bàálù yẹn ò ní táyà rárá! Abẹ́ bàálù ńlá ni wọ́n ń so ó mọ́ gbé e lọ sókè, kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Tó bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ irin méjì ló fi ń wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀ á ti jẹ irin yẹn tán, Bàbá ló sì ń pààrọ̀ ẹ̀ nígbà gbogbo. Iṣẹ́ wọn nìyẹn fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní, "Wọ́n yọ èmi, wọ́n tún yọ irin mi." Ó dùn mí wọra.

Mo padà lọ sọ fún akọ̀wé pé bàálù náà ò ní táyà. Ó ní ṣé èmi ni mo wà á ni? Kíá ló buwọ́ lu àpẹẹrẹ. Ẹ sì mọ òfin ṣọ́ọ̀bù wa: tí oníbàárà bá ti buwọ́ lu àpẹẹrẹ, a kì í yọ òwú kan, a kì í fi ìkan kún un. Mo bá rán ọgọ́ta, tòun ti táyà ẹ̀, gún régé. Mo wá rán méjì tèmi sí i, ẹlẹ́sẹ̀ irin, Bàbá sì lẹ ọ̀kan mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

Lọ́jọ́ ìrántí, èmi ni mo gbé báàjì lọ, Bàbá bá mi gbé páálí kan. Ayára-ju-ìró wà níwájú, ó ń sọ bó ṣe fò. Ẹnu dùn ún ròfọ́! Àṣé awabàálù tó wà á lóòótọ́ jókòó síbẹ̀, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó yẹ báàjì ẹ̀ wò, ó ní, "Táyà kẹ̀? Ta ló ya ìranù yìí?" Ibi tó ti ń wò káàkiri lójú ẹ̀ bọ́ sáyà Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó dì mọ́ Bàbá, ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀-irin! Ìwọ lo ò jẹ́ kí n kú!" Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò purọ́.

Lánàá ni akọ̀wé wá sílé wa, ó ká fìlà mọ́wọ́, ó ń bẹ Bàbá kí wọ́n bá òun ya bàálù náà bó ṣe rí gan-an, káwọn lè rán òmíràn. Bàbá ò dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ń di nọ́ọ̀tì kì í ṣe ará òfurufú."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Báàjì kejì ló wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ bàbá àgbà wọn ni.

                                        Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
                                        Ọlọ́wọ́-Abẹ́rẹ́.