Wọ́n Ní Kí N Má Ki Àṣàkẹ́

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní kíkì,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sì rí sọ ọ́ fún. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn tó wà láyé, wọ́n á ní ogbó ló ń dà mí láàmú.

Mojísọ́lá, ọmọ tí àkọ́bí mi bí, ti di ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Àṣàkẹ́ ni mo ń pè é. Ẹ ò bá a láyé. Fayolíìnì ló ń ta. Ó jọ gòjé tí ẹ máa ń dúró wò ní Sábó títí ẹ ó fi gbàgbé ẹ̀wà tí Màmá ní kí ẹ rà, àmọ́ abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n ń fi tiwọn sí. Wọ́n ti pè é dé Èkó, dé Àbújá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ń lọ sí òkè òkun lọ kọ́ sí i. Èmi tí ẹ yọ kúrò ní ìwé kejì pé kí n wá bá yín fọ́ kòkó, ọmọ-ọmọ mi ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń dìde pàtẹ́wọ́ fún!

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó, ó ta á débì kan, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Àbí ọmọ yìí ò lẹ́ni ni? Mo bá dìde. Mo kì í: Àṣàkẹ́, ọmọ a-fọ̀pá-tẹ́ẹ́rẹ́-mú-igi-sọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ń so wọ ẹ̀rùn. Mo kì í dórí yín. Àfi bí ẹni pé mo jalè! Wọ́n ń yíjú wò mí, wọ́n ń fìka lé ètè. Ọmọbìnrin kan tó ń júwe ìjókòó fúnni ló fà mí lọ́wọ́ jáde. Àṣé orin ò tíì parí, ó kàn ń sinmi kó tó bọ́ sí apá kejì ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ibo ni wọ́n ti ń wo ọmọ tó ń ṣe dáadáa níran bí ẹni wòkú?

Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n títí ó fi parí.

Òní ló máa ta á kẹ́yìn kó tó rìnrìn àjò. Ó bẹ̀ mí lánàá pé kí n wá, ṣùgbọ́n kí n má ki òun. Mo ní n ò lọ mọ́. Ní àárọ̀ yìí, ó wá kúnlẹ̀ nínú yàrá mi kí n kì í nílé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní lé mi jáde. Mo kọjú sí ògiri. Ẹ̀yin, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ nà mí, ẹ ó kọ́kọ́ kì mí kí orí mi wú. Kí ló wá ṣe èmi, Bàbá? Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé àpótí fayolíìnì rẹ̀, ó lọ láìjẹun.

Aago mẹ́rin ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Mo ti wọ bàtà. Ẹ̀yìn pátápátá ni n ó jókòó sí, n ó sì pa ẹnu mi dé, bó fẹ́ kó ya. Tí wọ́n bá túká, n ó dúró lójú ọ̀nà dè é. Ibẹ̀ ni n ó ti kì í, kí ẹni tó bá láyà wá fà mí lọ́wọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí agídí rẹ̀ jọ tiyín, tí àárò yín ò sì tíì tán lára rẹ̀.