Ọkọ̀ Pupa Olóògbé Heriberto Laboy (1950–2023)

Ìlú Yabucoa, ní Puerto Rico, la bí Olóògbé Heriberto Laboy sí, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1950. Don Toribio, tó ń gé ìrèké, ni bàbá wọn. Doña Escolástica, aránṣọ, ni ìyá wọn.

Wọn ò pẹ́ nílé-ìwé. Wọ́n tú ẹ̀rọ omi olùkọ́ wọn palẹ̀, wọ́n tún un tò, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́kù, síbẹ̀ omi ń tú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá wọn bá mú wọn lọ sílé-iṣẹ́ ṣúgà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀rọ títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé.

Lọ́dún 1974, wọ́n fẹ́ Nereida Camuñas ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bí Zoraida àti Ovidio. Lẹ́yìn ìjì ńlá ọdún 2017, àwọn ló tún jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2019, wọ́n ra ògbólógbòó ọkọ̀ eré-ìje pupa oníjókòó méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, lábẹ́ ìbòji iwájú ilé wọn.

“Don Heriberto, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ fẹ́ wọ̀ lẹ́wù ọmọ-ọwọ́ yẹn o!” làwọn aládùúgbò ń wí.

“Ẹ̀wù la máa tú rán. A ò ní gé ẹlẹ́dẹ̀,” lolóògbé ń dá wọn lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jó irin pọ̀ ṣe ìjókòó tuntun fún ẹ́ńjìnnì, wọ́n gé ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn kúrú, wọ́n sì ti ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó di ọdún 2023, àdúgbò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà bú ramúramù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ikú dé.

Doña Nereida ní, “Ọkọ̀ yẹn ló máa ṣíwájú pósí Bàbá Zoraida. Bí kò bá dún, iṣẹ́ wọn já sófo nìyẹn.”

A yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Don Efraín, àbúrò olóògbé, yẹ̀ ẹ́ wò: pílọ́ọ̀gì ń ta iná, epo wà ní táǹkì, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fa epo ò mí rárá. Wọ́n tọ wáyà lọ, ó lọ́ bí ìfun adìẹ.

“Ẹ gbọ̀n ọ́n!” “Ẹ tì í!” Orí gbogbo wa dàrú.

Doña Nereida ṣáà bi wọ́n pé, “Efraín, níbo lo fi bọ́tìnnì olè tìẹ sí?” Kò sẹ́ni tí kì í fi bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ epo pamọ́ sínú ọkọ̀ níbí, nítorí olè.

“Àǹtí, ta ní í sọ ìyẹn fún èèyàn?” Ìgbà náà ló yé Don Efraín pé ẹ̀gbọ́n wọn náà á ti fi tiwọn pamọ́ síbì kan. Ẹ́ńjìnnì tuntun là ń fura sí látàárọ̀!

A wá ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ títí, a ò rí nǹkan. Ó rẹ Doña Nereida, wọ́n jókòó sí ìjókòó kejì, ọwọ́ ọ̀tún wọn bá kan bọ́tìnnì nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ epo kùn, ẹ́ńjìnnì bú.

Ọwọ́ awakọ̀ ò lè dé ibẹ̀. Ṣé nítorí olè ni, àbí kí wọ́n má baà dá jáde láìmú ìyàwó wọn? Ẹbí ò mọ̀. Doña Nereida ní òun náà ò mọ̀.

Olóògbé fi ìyàwó wọn sílẹ̀ sáyé lọ, àti Zoraida, Ovidio, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Don Efraín, tí yóò wa ọkọ̀ náà lónìí. Doña Nereida ni yóò jókòó lápá ọ̀tún.

Bàbá Zoraida, ẹ máa sinmi. Ìyàwó yín ti tẹ bọ́tìnnì.