Ẹran Róbótó fún Bọ̀dá Akin

Nọ́ńbà 14, ẹ̀yìn ọjà Mile 3,
Diobu, Port Harcourt.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2004.

Gbóyèga, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àgbàdo ọdún yìí ńkọ́, ṣé ó ti gbó? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí sókè níwájú ìyá mi. Nínú èyí tí mo kọ sí wọn lóṣù tó kọjá, mo ní Bọ̀dá Akin ń jẹran dáadáa. Irọ́ ni.

Ọ̀kadà gbé Bọ̀dá ṣubú lóṣù Kẹrin, nígbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù wọn bọ̀. Egungun àgbọ̀n wọn ṣẹ́. Dókítà ti tú wáyà tó fi dì í, ṣùgbọ́n títí di àná, ògì nìkan ni Bọ̀dá ń mu. Ṣòkòtò iṣẹ́ wọn kò dúró nídìí mọ́. Dókítà ní bí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran àti ẹyin kí ó tó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀, òun yóò dá wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, òun yóò sì ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú. Ẹ̀rù bà mí. Ìwọ náà mọ̀ pé Bọ̀dá ló rán mi nílé ìwé lẹ́yìn ikú bàbá wa.

Àǹtí Ibinabo, ará Kàlàbárì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ní kí n ṣe ẹran róbótó, kí n yan án, kí n má dín in, torí ẹran díndín máa ń le lẹ́yìn. Mo gbé ẹran màlúù lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lọ ata lọ́jà, kí ó bá mi lọ̀ ọ́. Ó lé mi: "Oga, comot! Na pepper I dey grind, no be cow!" Mo padà sílé, mo gé e wẹ́wẹ́, mo gún un nínú odó títí apá fi ń ro mí. Mo po búrẹ́dì rírẹ mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹyin, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti ata díẹ̀, mo sì ṣù ú róbótó róbótó. A kò ní ààrò bíi ti oníbúrẹ́dì, nítorí náà mo da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá lórí sítóòfù, mo gbé abọ́ ẹran lé e, mo sì dé e pa. Ti àkọ́kọ́ jóná nídìí torí iyanrìn kéré. Mo tún òmíràn ṣe.

Èyí rọ̀, ó sì ń ta sánsán. Bọ̀dá fi fọ́ọ̀kì yí i wò, wọ́n ní, "Ta ló ti rún ẹran yìí lẹ́nu kí ó tó kàn mí?" Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń rún ẹran fún, wọ́n sì ti abọ́ kúrò. Mo sọ fún wọn gbangba pé àgbọ̀n wọn ló ṣẹ́, kì í ṣe ipò ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọjú sí ògiri. Àǹtí Ibinabo yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Oga Customs, na meat you dey vex for?" Bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín.

Agídí mi tí o máa ń bú wá gbé mi. Mo fa àga, mo jókòó ti abọ́ náà. Mo ní nílé bàbá wa, àbúrò kì í mú ẹran ṣáájú ẹ̀gbọ́n, n kò sì tíì jẹun láti àárọ̀. Bí wọn kò bá mú, èmi náà kò ní jẹun títí di Ọjọ́rú, kí dókítà wá ti rọ́bà bọ àwa méjèèjì nímú. A jókòó bẹ́ẹ̀. Inú mi ń kùn, wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Olórí kunkun," wọ́n mú èyí tó kéré jù. Wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n mú òmíràn. Mẹ́rin ni wọ́n jẹ.

Lẹ́yìn náà wọ́n ti abọ́ sọ́dọ̀ mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n ṣẹ́ kù fún mi. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, n kò tíì lè jẹ ẹ́. Ọjọ́rú kò tíì dé, n kò sì mọ ohun tí dókítà máa sọ. Mo ti rẹ búrẹ́dì ti ọ̀la sílẹ̀.

Bá mi kí ìyá rẹ àti Sìkírátù àbúrò rẹ. Bí ìyá mi bá béèrè, sọ fún wọn pé Akin ń jẹran. Kì í ṣe irọ́ mọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, alágídí kan náà,
Àdúràgbèmí.