Nígbà tí Mọ́tò Wọ Ẹtù Yín

Bàbá mi tí mi ò lè ké sí mọ́,

Mọ́tò ti dé Ìlúà o. Mo fẹ́ kí ẹ ti ẹnu mi gbọ́ ọ, nítorí ẹ wà lára àwọn tó fi ọkọ́ la ọ̀nà tó gbà wọlé, ẹ̀yìn sì ń dùn yín títí ẹ fi lọ. Ẹ máa ń sọ pé ohun tí à ń la ọ̀nà dè, ojú yín lè má rí i. Ojú tèmi ti rí i. Kò sí ẹṣin tó ń fà á, kò sí ènìyàn tó ń tì í, ó sì ń lọ. Nígbà tó wọ̀lú, mo dúró ti ògiri, mo gbàgbé láti pa ẹnu mi dé. Ṣé ẹ̀yin ìbá sá ni, àbí ẹ̀ bá sún mọ́ ọn kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, bí ẹ ti máa ń gbóòórùn òwú kí ẹ tó fi hun aṣọ?

Ọ̀rọ̀ Ìyá ló gbé mi dé inú rẹ̀. Igi gún un lẹ́sẹ̀ lóko, ẹsẹ̀ náà wú dé orúnkún, ó ń jó o bí iná. A gbọ́ pé dókítà òyìnbó kan wà ní Ìsẹ́yìn, pé yóò kúrò níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí a bá ní kí àwọn ènìyàn gbé Ìyá, a ò ní bá a. Dírẹ́bà tó wá kó òwú sọ pé àyè ṣì wà lórí ẹrù. Ẹ mọ̀ mí, mo kọ́kọ́ ro owó rẹ̀ wò, mo fi wé owó alárù àti oúnjẹ tí wọn yóò jẹ lọ́nà. Mo ní kó gbé wa.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní òun yóò sìn wá. Ẹ mọ bó ṣe ka ọ̀rọ̀ iyì sí. Kí á tó gbéra, ó wọlé, ó gbé aṣọ ẹtù yín jáde, èyí tí ẹ hun kẹ́yìn, ó fi okùn dè é mọ́ iwájú mọ́tò láti etí kan dé èkejì. Ó ní àlejò ńlá kì í wọ ìlú wa kó jáde níhòòhò. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó yẹ ẹ́, Bàbá. Ó dà bí ẹṣin ọba lọ́jọ́ ọdún.

Nígbà tí a gbéra, mo rò pé àwọn igi ló ń sá kọjá wa. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa lójú. Ìyá di ọwọ́ mi mú pinpin. Ó ní ẹsẹ̀ òun tutù díẹ̀.

Àárín pápá tí kò sí odò ni a wà tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò. Èéfín funfun ń tú jáde. Dírẹ́bà, ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bọ́ sílẹ̀, ó fi àkísà ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé omi ló ń yí káàkiri inú irin náà láti gba ooru lára rẹ̀, pé omi ọ̀hún á wá gba àwọn ihò tóóró iwájú kọjá kí afẹ́fẹ́ lè mú un tutù. Ẹ gbọ́ ná: omi nínú irin, tó ń rìn bí ẹ̀jẹ̀ nínú ara! Ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú èyí?

Ó bu omi sí i. A lọ díẹ̀, ó tún hó. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, kò jò. Ó wo abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lẹ́yìn àwọn ihò náà àti okùn awọ tó ń yí i. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó tún bu omi, mọ́tò tún hó, omi rẹ̀ sì tán. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí kèǹgbè omi Ìyá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mọ́tò lómi díẹ̀ mu."

"Omi tí aláìsàn ń mu? Mọ́tò ló ń ṣàìsàn ni, àbí ìyá mi?"

"Àwọn méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n bí èyí bá kú, ẹ̀yin lẹ máa pọn èkejì."

Oòrùn ti ń yí, ètè Ìyá ti gbẹ. Mo wá rí i pé ojú dírẹ́bà kì í kúrò lára ẹtù yín. Bó bá wò ó tán, á wo Bàbá Kékeré, á wúkọ́. Mo na ọwọ́ sí iwájú aṣọ náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo tì í bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń fọ́nnu pé òtútù ọyẹ́ kò lè gba inú aṣọ yín kọjá? Ẹ ò purọ́. Aṣọ yín ti dí mọ́tò nímú.

"Ṣé aṣọ yìí ni?"

Dírẹ́bà wolẹ̀. "Mo ti ń fura tipẹ́. Àlejò wo ló máa ní kí wọ́n bọ́ aṣọ tí wọ́n fi bu ọlá fún òun?"

"Èèwọ̀!" Bàbá Kékeré ti dìde. "A kì í daṣọ bo àlejò ká tún bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti lọ nìyẹn!"

Ohùn Ìyá wá láti orí òwú, ó tẹ́ẹ́rẹ́. "Ọkọ mi, ta ló ran òwú ẹtù yẹn?"

"Ìwọ ni, ìyàwó wa."

"Ta ló rẹ ẹ́ láró?"

"Ìwọ náà ni."

"Ìdajì rẹ̀ tèmi nìyẹn. Ẹ bá mi bọ́ ìdajì tèmi kúrò. Kí tiyín máa wà níbẹ̀."

Dírẹ́bà yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá Kékeré fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà. Àwọn ihò iwájú mọ́tò hàn síta, wẹ́wẹ́, bí afárá oyin. Mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú wọn. Nígbà tí ara mọ́tò tutù, Ìyá kọ́kọ́ mu omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, a sì fún mọ́tò ní ìyókù. Kò hó mọ́. Ooru ti ya àwọn ihò náà sára ẹtù yín, ìlà lórí ìlà, ó gún régé bí ẹni pé ẹ padà sídìí òfì lọ hun ún. Mo fọwọ́ pa á títí. Bàbá Kékeré da aṣọ ọ̀hún bo Ìyá, Ìyá ló sì wọ ẹtù wọ Ìsẹ́yìn.

A bá dókítà. Ó la ẹsẹ̀ náà, ó fa èérún igi jáde. Ìyá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ báyìí, Bàbá. Ní àárọ̀ yìí mo bi í bóyá ó ní ohun tí màá bá a sọ fún yín. Ó yọ pákò lẹ́nu. Ó ní kí ẹ má tíì tẹ́ ẹní sílẹ̀ de òun, pé òun ṣì fẹ́ wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.