Kíláàsì Òwúrọ̀ Kùtù

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Kíláàsì físíìsì gíga bẹ̀rẹ̀ lónìí, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó kó àwọn yòókù dé. Mo ti yọ ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gá Onítáì, lẹ́nu tipẹ́ kó tó gbà. Ọmọ mọ́kànlá! Nílùú tí kò ní ju oko ṣúgà àti ilé epo kan lọ. Inú mi dùn débi pé mo jẹ dónọ́ọ̀tì méjì.

Annika Brandvold – Kíákíá ni mò ń pè é – kò sí níbẹ̀ ṣá. Bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ló pé jù nínú gbogbo wọn.

Ìṣẹ́gun, 9

Mo bi í. Ó ní òun ò lè wá láàárọ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé oorun ni? Ó wolẹ̀. Iṣẹ́ òru ni ìyá rẹ̀ ń ṣe nílé-iṣẹ́ ṣúgà, aago mẹ́jọ ló ń dé. Bàbá rẹ̀ ò lè dìde mọ́ láti ìgbà tí katakata ti dà lù ú. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀.

“Míìsì Sundby, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Ìtìjú máa pa Dádì.”

Mo ní inú mi ló máa kú sí. Mo búra.

Ẹtì, 26

Ọkùnrin yunifásítì wá, ibi tí Kíákíá ti ń fẹ́ láti kékeré. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n bí iṣẹ́ ọmọ ṣe le tó. Ó ní àwọn kì í fi ilé-ìwé kan wé òmíràn. Ohun tí ilé-ìwé bá sè sílẹ̀ làwọn ń wò, bóyá ọmọ jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́. “Nígbà tẹ́ ò ní físíìsì gíga, ta ló máa bi ọmọ yín pé kí ló dé tí kò ṣe é? Ní báyìí tẹ́ ẹ ti ní in, ẹ kú oríire, a ó bi í.”

Ẹ kú oríire! Ká ní èṣí ni, ǹ bá máàkì “tó le jù lọ” fún ọmọ yẹn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, lórí fọ́ọ̀mù tí èmi agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé ń kọ ránṣẹ́ sí yunifásítì. Èmi ni mo kọ́ ilé yìí, èmi náà ni mo ti Kíákíá mọ́ ìta. Yéè.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gbé dónọ́ọ̀tì wá sí ọ́fíìsì, mi ò mú ìkankan.

Ọjọ́ Ajé, 6

Fọ́ọ̀mù Kíákíá rèé níwájú mi. “Tó le jù lọ” – irọ́ gbuu. “Tó le díẹ̀”, kí n dákẹ́ – wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Kí n sọ ìdí ẹ̀ – mo búra.

Ọ̀gá Onítáì yọjú. Ó ní, “Lorna, máàkì èyí tó wù ẹ́ jàre, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?” Mo ní àwọn mọ́kànlá tó ń jí ní ìdájí ńkọ́? Ó ní, “Ìwọ lo ní ká jí wọn.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 14

Mo ti fi ránṣẹ́. “Tó le díẹ̀” ni mo máàkì, mo wá kọ gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà: bàbá, ìyá, ìlédìí. Mo kọ ọ́ débi pé ẹni tó bá kà á á sunkún. Mi ò bi Kíákíá. Mo mọ̀ pé á ní rárá.

Ojú ń tì mí. Àmọ́ wọ́n á gbà á.

Ọjọ́rú, 15

Kíákíá já wọ ọ́fíìsì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé físíìsì lábíyá. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ti kó dé láti ìlú Fargo, òun ni yóò máa dúró ti bàbá láàárọ̀. Doyle tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la, òun á kọ́ ọ ní èyí tó ti kọjá lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

“Ẹ rí i, Mà? Ẹ lè máàkì èyí tó le jù lọ báyìí. Kò sí pé ẹnì kan ń gbọ́ nípa Dádì.”

Ó dì mọ́ mi. Mo ní ó káre.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó ní Dádì ní kóun bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé mo bo òun láṣìírí.

Mo ní kò tọ́pẹ́.