Ọjọ́ Tí Adele Kọ́ Ọkọ̀ Bàbá Yín Ní Ọgbọ́n Tuntun

Corwin ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa, ṣé òtútù Denver kò pọ̀ jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní gbogbo títì tí ẹ bá gbà. Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi.

Adele àbúrò rẹ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé ọkọ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ kò lè fa àwọn ọmọ màlúù gun òkè lọ sí ọjà mọ́. Adele ní kọ̀ǹpútà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lòun máa kọ́ ní ọgbọ́n tuntun fúnra òun, kó lè lágbára sí i. Mo ní ṣé kò ní í gbàgbé ọ̀nà ilé ṣá, torí ogún ọdún ni bàbá yín fi wà á. Ó ní Mọ́mì, ọkọ̀ lèyí, kì í ṣe ẹṣin.

Ó fa okùn kan láti ara kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárì, ó so ṣájà mọ́ bátìrì, ó wá kìlọ̀ pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ fa iná títí nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà náà á fi pé ọgọ́rùn-ún, torí bí bátìrì bá kú láàárín, ọkọ̀ náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, a ò sì ní rí ohun tí a ó fi gbé màlúù lọ́jọ́ kejì. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í dúró lásán. Mo wọlé, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo pa fíríìjì, nígbà tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ mo kúkú pa iná gbogbo ilé. Àṣé iná ilé yẹn ni ṣájà ń lò.

Adele ò pariwo. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé Mọ́mì, kí lẹ fọwọ́ kàn. Mo ní ṣé kí n lọ tan án padà, ó ní kí n jókòó sórí ìdì koríko, kí n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ọgọ́ta ni nọ́ńbà wà. Mo gbàdúrà títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, mo sunkún. Ọmọ yìí ti ra bátìrì tuntun sínú ọkọ̀ náà kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fi iná kún un dẹ́nu, ó ní òun mọ irú ilé tí òun ń gbé. Corwin, bàbá yín gan-an ò ní í rò ó débẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ màlúù mẹ́jọ, òkè yẹn, ọkọ̀ náà kò mí hẹlẹ. Hollis aládùúgbò wa tó máa ń fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, kò rí nǹkan kan tó yàtọ̀ àfi bátìrì tuntun, ó rọra tì í padà.

Mo ti ní kó ṣe ọkọ̀ kékeré tèmi náà. Ó gbà, àmọ́ ó ní lọ́jọ́ tí òun bá máa ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ ní Denver ni kí n wà. Jọ̀wọ́ fi owó bọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ kò sì ní ṣe ọ́ léṣe.

Èmi ni ìyá rẹ,
Verna